Bí Ọmọ Bá Fẹ́ Yí Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Padà Lẹ́yìn Tí Yunifásítì Ti Gbà Á

Ọ̀rọ̀ tí àlejò olùbánisọ̀rọ̀ sọ níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́

  Mo mọ ẹgbẹ́ tó da aṣọ mẹ́ta lọ́dún kan ṣoṣo, tí wọn kò rí ara wọn pè jọ mọ́ nígbà tó di ọdún kejì. Ẹ̀yin pé mẹ́wàá, ẹ ṣì ń pàdé lóṣooṣù. Olúwa yóò jẹ́ ká jọ ṣe ogún ọdún.

Nígbà tí akọ̀wé yín wá bá mi pé kí n wá sọ̀rọ̀, ó ní ohunkóhun tó bá wù mí ni kí n sọ. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni àwọn àkọ́bí ẹgbẹ́ yín báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, àwọn tó ń kọ JAMB ló pọ̀ jù.” Mo ní ó parí, mo ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ìgbaniwọlé ní yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí òbí bá wọlé lóṣù kìíní ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, tí ojú rẹ̀ le, tí ọmọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn tó ń wo ilẹ̀, mo ti mọ ohun tó gbé wọn wá kí wọ́n tó jókòó. Ọmọ ti wọlé o, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ni òun fẹ́ ṣe.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbà wá, a sì máa ń pa wọ́n pọ̀ bíi pé ọ̀kan ni wọ́n. Nígbà mìíràn, ilé ẹ̀kọ́ ló fún ọmọ ní ohun tí kò bèèrè. Ó bèèrè ìṣègùn, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tó bèèrè gan-an ni wọ́n fún un, tàbí kí n sọ pé ohun tí bàbá rẹ̀ bèèrè. Ìgbà tó débẹ̀ ló rí i pé kì í ṣe ti òun.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Láti 2017 ni JAMB ti ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní CAPS lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹ̀kọ́ yóò fi orúkọ ọmọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ fún un, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sì wọlé síbẹ̀ lọ sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Bí ẹ̀kọ́ náà bá yàtọ̀ sí èyí tó bèèrè, ibẹ̀ ni yóò ti rí i. Títẹ bọ́tìnì yẹn kì í ṣe eré. Bó bá gbà, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kò ní lè mú un lọ́dún náà mọ́. Bó bá kọ̀, ààyè yẹn ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè ṣèlérí òmíràn fún un. Síbẹ̀, ẹ ò ní gbàgbọ́ iye ọmọ tó jẹ́ pé ọmọkùnrin tó ń bójú tó kaféè ló bá wọn tẹ̀ ẹ́, tí bàbá wà níbi iṣẹ́, tí ìyá wà lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìmọ̀ràn tí àwọn ará ilé sì máa ń fún ọmọ ni pé, “Gbà á ná, tó o bá ti wọlé, wàá fò sí ìṣègùn lọ́dún kejì.” Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ọdún ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà ló máa ń fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan ní iye ọmọ tó lè gbà, àwọn tó gba ìṣègùn láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ti ń du ààyè ọ̀hún láàárín ara wọn. Àwọn tó fò débẹ̀ láti ẹ̀ka mìíràn wà lóòótọ́, mo rí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, máàkì wọn sì ga débi pé gbogbo ẹ̀ka ló ń mọ orúkọ wọn. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ọmọ: bí wọn kò bá jẹ́ kó o fò, ṣé wàá lè parí èyí tí wọ́n fún ọ yìí láìbínú? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó gbà á. Bó bá dákẹ́, kí òbí mọ̀ pé ọmọ ti dáhùn.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló nira jù, torí pé ìtìjú wà nínú rẹ̀. Bàbá kan wá bá mi nígbà kan. Ọmọ rẹ̀ rí ẹ̀kọ́ òfin gbà, ó lo sáà kan, ó wá ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè lòun fẹ́. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ owó, kò bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe lọ́la. Ohun tó sọ ni pé, “Màmá, gbogbo ará ilé wa ti ń pè mí ní Bàbá Lọ́yà.” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Mo ní kó jókòó, mo ní kí wọ́n bá mi ra omi tútù wá.

Ẹ̀yin àbúrò mi, orúkọ tí wọ́n ń pe òbí kò lè bá ọmọ jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ní 1948, ọdún tí wọ́n dá yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìgbò kan wọlé síbẹ̀ láti kọ́ ìṣègùn. Ó mọ̀wé débi pé wọ́n fún un ní owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ó fi ìṣègùn sílẹ̀, ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Chinua Achebe ni mò ń sọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé nígbà tó di 1958, Things Fall Apart jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé. Apá tí àwọn ènìyàn kì í sọ ni pé bó ṣe yí ẹ̀kọ́ padà ni owó ọ̀fẹ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ilé ìwé wá di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Augustine, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, yọ̀ǹda owó tó yẹ kó fi wọkọ̀ wálé fún ìsinmi, kí àbúrò rẹ̀ lè padà sí kíláàsì. Mo máa ń ronú nípa ẹ̀gbọ́n yẹn ju bí mo ṣe ń ronú nípa ìwé náà lọ. Bó bá jẹ́ pé ó ní, “Ọwọ́ ara rẹ lo fi fà á,” ta ni ì bá dá a lẹ́bi?

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tó wà níbí máa fẹ́ kí n dárúkọ ọmọ yín náà. Nílé Ransome-Kuti, Olíkóyè di dókítà, Bẹ́kọ̀ di dókítà. Nígbà tí Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ìṣègùn náà ni wọ́n ní kó lọ kọ́. Ó débẹ̀ tán, ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity ló wọ̀. Èmi ò ní kí ọmọ yín lọ ṣe bẹ́ẹ̀ o! Àwọn méjèèjì tí mo dárúkọ yìí, àwọn tó yọrí sí rere la mọ̀. Àwọn tó yí ẹ̀kọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn kò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan, ẹnì kan ò kọ ìtàn wọn, ṣùgbọ́n fáìlì wọn wà ní ọ́fíìsì tí mo fi sílẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀yàtọ̀? Ọmọ tó ń sá fún Físíìsì yàtọ̀ sí ọmọ tó ń lọ síbi kan. Ẹni tó ń sá, bẹ́ ẹ bá bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ lọ́dún kejì níbi tó fẹ́ lọ, kò ní mọ̀. Ó kàn gbọ́ pé ibẹ̀ rọrùn. Ẹni tó mọ ibi tó ń lọ yóò ti ka ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀ka náà, yóò ti lọ jókòó nínú kíláàsì wọn, yóò lè dárúkọ olùkọ́ tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí òbí fún ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó lọ ṣe èyí, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àlùfáà àti ẹ̀gbọ́n àgbà sí ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹ sì yẹ èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó fẹ́ kúrò ní sáyẹ́ǹsì bọ́ sí òfin, tí kò ní Lítíréṣọ̀ nínú èsì rẹ̀, ẹkún rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó gba fọ́ọ̀mù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹ̀yìn ọdún kìíní ni wọ́n máa ń gbà kí ọmọ yí ẹ̀kọ́ padà, bí máàkì rẹ̀ bá tó iye tí ẹ̀ka tuntun béèrè. Yóò gba fọ́ọ̀mù, olórí ẹ̀ka tó ń fi sílẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, ti ẹ̀ka tó ń lọ yóò fọwọ́ sí i, àwọn díìnì náà yóò fọwọ́ sí i, ilé ẹ̀kọ́ yóò wá fún un ní lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ó ti parí níbẹ̀. Kò tíì parí. JAMB ṣì ní orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ wọ ojú ewé JAMB, kó san owó ìyípadà, kí ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i níbẹ̀, kó sì tẹ lẹ́tà ìgbàwọlé tuntun jáde tó gbé orúkọ ẹ̀kọ́ tuntun.

Ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa kò ṣe èyí tó kẹ́yìn yìí. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ fún un pé àwọn yóò bá a ṣe é, kò sì sí ẹni tó bá a ṣe é. Ó kàwé ọdún mẹ́rin, ó gba ìwé ẹ̀rí tó dára, ó rán aṣọ ìdúpẹ́. Nígbà tó fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀, orúkọ rẹ̀ kò jáde, torí NYSC máa ń fi orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ wé ti JAMB, méjèèjì kò sì bára mu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ káàkì, wọ́n lọ sí àgọ́, òun ń pààrà ọ́fíìsì pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Ó lé lọ́dún kan kí ọ̀rọ̀ náà tó tú. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá yí ẹ̀kọ́ padà, ẹ ní kó fi lẹ́tà JAMB tuntun hàn yín, kí ẹ fojú ara yín kà á. Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ físà wà nínú tiyín. Kí ọmọ bá àwọn tó ń rí sí i ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo ti ń bọ̀ síbi tí mo ń lọ. Ẹgbẹ́ yìí náà ní owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ ń fún àwọn ọmọ ìlú yìí, mo sì yìn yín fún un. Akọ̀wé fún mi ní fọ́ọ̀mù rẹ̀ kí n kà. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì tó ní ẹni tó bá yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà ti pàdánù owó náà. Mo mọ ìdí tí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ kò fẹ́ kí ọmọ fi owó yín ṣeré. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlà yẹn ń ṣe ni pé ó ń kọ́ ọmọ láti fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Èyí tó yẹ kó wá bá yín sọ pé, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀kọ́ yìí ń pa mí,” yóò dákẹ́, yóò máa jókòó sínú kíláàsì tí kò yé e, torí owó yín. Ìgbà tí máàkì bá bàjẹ́ tán lẹ ó gbọ́, ìgbà yẹn kò sì sí ẹ̀ka tó máa gbà á mọ́. Owó Achebe lọ, ó ní Augustine. Àwọn tí ẹ ń fún lówó yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní Augustine kankan, ìdí tí ẹ fi yàn wọ́n nìyẹn.

Àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ pa ìlà yẹn rẹ́. Dípò rẹ̀, kí ọmọ lè yí ẹ̀kọ́ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì parí rẹ̀ kó tó wọ ọdún kẹta. Kó sọ fún ẹgbẹ́ kó tó gba fọ́ọ̀mù, kó sì mú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ àti ti JAMB wá. Ẹ̀yin yóò máa san iye ọdún tí ẹ ti ṣèlérí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ tuntun bá fi ọdún kan kún un, ti ẹbí nìyẹn, èmi ò ní kí ẹgbẹ́ ru ẹrù tí kò gbà.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé láti àárọ̀. Ààrẹ sọ fún mi pé ìpàdé yín tó ń bọ̀ ni ẹ ó yan àwọn ọmọ tuntun. Kí fọ́ọ̀mù wọn tó jáde ni kí ẹ dá a rò.