Bí iṣẹ́ bá kan ẹbí yín
Ẹ̀yin ará Warri, òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 ní kí ilé iṣẹ́ epo máa fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná lórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Ìgbìmọ̀ ló ń bójú tó àpò náà. Bí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ náà, tí ọmọ ìyá yín wá ń du iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ tí àpò náà fẹ́ ṣe ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí ìwé àwọn tó ń du iṣẹ́ náà, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jáde nínú ìpàdé. Kí ẹ kàn jókòó láìdìbò kò tó lójú tèmi: ta ló máa lè sọ pé owó tí ọmọ ìyá yín pè ti pọ̀ jù, tí ẹ ń wò ó lójú? Alága gan-an kò yọ sílẹ̀. Tó bá kàn án, kí ẹlòmíì darí ìpàdé.