Òótọ́ Inú Ìwé Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Kádẹ́ẹ̀tì Tó Ń Jáde

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kì í parí sí kíláàsì. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní STCW, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1978, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984, tí wọ́n tún ṣe látòkè délẹ̀ ní 1995, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní Manila ní 2010, ló sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá fẹ́ máa ṣọ́ ọkọ̀ nínú yàrá ìtukọ̀ gbọ́dọ̀ lo oṣù 12, ó kéré tán, lójú omi lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tí kò bá gba abẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò lo oṣù 36. Ìwé kan ń bá kádẹ́ẹ̀tì wọ ọkọ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe, ọ̀gá tó fojú rí i ni yóò fọwọ́ sí i níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté, bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán òkun, bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà kalẹ̀ sómi. Orí ìwé yìí, àti àwọn mìíràn tó jọ ọ́, ni ààbò ẹ̀mí àti ìmọ́tótó òkun dúró lé. Bí ìwé bá purọ́, ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́.

  

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó wà ní Oron bẹ̀rẹ̀ ní 1977, Nàìjíríà ṣì ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tirẹ̀, Nigerian National Shipping Line, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959. Ní 1995, ìjọba tú ilé-iṣẹ́ náà ká. Láti ìgbà náà, ìwé-ẹ̀rí rọrùn láti rí ju àyè nínú ọkọ̀ lọ. Ọ̀dọ́ tó ti parí ẹ̀kọ́ ń rìn kiri Apapa láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ọjọ́ orí ń lọ, àwọn òbí ń béèrè. Ibẹ̀ ni oníṣòwò kan ti ń wá bá a, ẹni tó lè bá a rí òǹtẹ̀ ọkọ̀, tí yóò kọ oṣù 12 fún un láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi. Kò sí ohun tó burú tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ra oṣù 12 yóò dúró nínú yàrá ìtukọ̀ lóru, ẹ̀mí ogún èèyàn yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní mọ ohun tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ń purọ́ sínú ìwé ìdánrawò. Òfin SOLAS, tó wà fún ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù máa ṣe ìdánrawò pípa iná àti ti sísá kúrò nínú ọkọ̀ lóṣooṣù. Láti 2015, wọ́n tún fi ti wíwọ ibi tó há àti yíyọ èèyàn níbẹ̀ kún un, lóṣù méjì méjì. Ìdí wà fún un. Irin tó ń dípẹtà nínú táńkì tí wọ́n pa dé ń jẹ ọ́síjìn. Gẹdú àti èédú náà ń jẹ ẹ́. Atẹ́gùn tó yẹ kó ní ọ́síjìn ìdá 21 nínú 100 lè dín kù débi pé èèyàn á dákú láìfura, nítorí àìsí ọ́síjìn kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀.

Ẹni tí wọ́n pè láti sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ yìí fojú ara rẹ̀ rí i, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹnjiníà kékeré nínú ọkọ̀ kan tó kó gẹdú. Bósìn, ìyẹn olórí àwọn atukọ̀ orí dẹ́ẹ̀kì, sọ̀ kalẹ̀ lọ wo omi nísàlẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Ọ̀dọ́ atukọ̀ kan fẹ́ fò tẹ̀ lé e; àgbàlagbà kan ló gbá a mú níbàdí, tí kò fi í sílẹ̀ bó ti ń sunkún. Wọ́n sáré gbé ohun èlò ìmí jáde. Ìgò atẹ́gùn àkọ́kọ́ ṣófo. Ìkejì kò tó ìdajì. Ìwé àyẹ̀wò wà nínú ọ́fíìsì, ó mọ́ tónítóní, wọ́n ti fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ìgò méjèèjì kún. Bósìn náà ní ọmọ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gbèrò láti pa á; ẹnì kan kàn ń fọwọ́ síwèé nídìí tíì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni.

Gbígbàgbọ́ láìyẹ̀wò ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn rí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1987, ọkọ̀ èrò Herald of Free Enterprise kúrò ní èbúté Zeebrugge ní Bẹ́ljíọ̀m, ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Omi ya wọlé, ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èèyàn 193 kú. Ẹni tó yẹ kó ti ilẹ̀kùn ń sùn. Ọ̀gá ọkọ̀ kò lè rí ilẹ̀kùn náà láti ibi tó dúró sí, àṣà ibẹ̀ sì ni pé bí ẹnikẹ́ni kò bá mú ìròyìn búburú wá, gbogbo nǹkan ti wà létò. Lára ohun tí àjálù yẹn bí ni òfin ISM lórí ìṣàkóso ààbò ọkọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í di dandan ní 1998.

Ìwé ìsinmi ńkọ́? STCW ní kí atukọ̀ sinmi fún wákàtí 10, ó kéré tán, nínú wákàtí 24, àti 77 láàárín ọjọ́ méje. Nígbà tí ọkọ̀ epo Exxon Valdez forí sọ àpáta ní Alaska ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1989, tí nǹkan bí tọ́ọ̀nù epo 37,000 sì dà sínú Prince William Sound, àwọn aṣèwádìí Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àárẹ̀ àti iṣẹ́ àpọ̀jù ni kò jẹ́ kí atukọ̀ ipò kẹta tó wà lẹ́nu ìṣọ́ darí ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Gbogbo ayé rántí epo náà. Díẹ̀ ló rántí oorun.

Ìwé epo ló kù. Òfin MARPOL, tó wà láti má jẹ́ kí ọkọ̀ ba òkun jẹ́, ní kí epo inú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń dà sókun má ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ya epo sọ́tọ̀. Ó máa ń bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì ń náni lówó. Ni àwọn kan bá ń fi páìpù ìkọ̀kọ̀ da omi elépo sókun lóru, tí wọ́n á sì kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ọ̀gá àwọn ẹnjiníà kan na irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí olùbánisọ̀rọ̀ òní, ó ní kó buwọ́ lù ú. Ó kọ̀. Ẹnikẹ́ni kò pariwo mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, wọ́n ní àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó jókòó sílé pẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ ọ ní òfin epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣe bí ọ̀gá bá ní kó purọ́. Àlàfo yẹn ló ń pa èèyàn, òun ló sì ń ba òkun jẹ́. Wọ́n ń dán kádẹ́ẹ̀tì wò lórí okùn síso, wọn kì í dán an wò lórí kíkọ̀.

Kíkọ̀ náà ní ìlànà. Kádẹ́ẹ̀tì tó bá rò pé ìgbà tí òun bá di ọ̀gá ọkọ̀ lòun á tó máa sọ òótọ́ ń tan ara rẹ̀. Irọ́ yóò ti mọ́ ọn lára kó tó débẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀gá fín. Kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ìgò náà ná," kó lọ wò ó, kó kọ ohun tó bá rí, kó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ fipá mú un, òfin ISM ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan sórí ilẹ̀ tó lè bá àwọn aláṣẹ àgbà sọ̀rọ̀ ní tààrà. Kí kádẹ́ẹ̀tì wá nọ́ńbà ẹni náà lọ́jọ́ tó bá wọ ọkọ̀. Bí ẹni yẹn kò bá dáhùn, àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ìjọba wà ní èbúté. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ lè fún ẹni tó tú àṣírí epo dídà ní owó tó tó ìdajì ìtanràn. Àdéhùn MLC ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn atukọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, sì ka fífìyà jẹ atukọ̀ nítorí pé ó fẹjọ́ sùn léèwọ̀, ó sì ní kí wọ́n fún atukọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà ìlànà ìfẹjọ́sùn ọkọ̀ náà.