Dídí Ojú Rírán: Bí Àgọ́ àti Tapólì Ṣe Ń Jò àti Bí A Ṣe Lè Ká A Lọ́wọ́ Kò



Ìfáárà

Àwọn àgbà ní òjò kò mẹni ọ̀wọ̀. Kò mọ ọjà ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ Fìdítì mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ tí a ń tà lẹ́bàá títì. Láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ ní agbègbè wa, aṣọ ọ̀rá tí a ta sórí igi sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ẹ̀bá ọ̀nà gbẹ́kẹ̀ lé. Bí aṣọ náà bá ń jò lóru, ohun tí ọlọ́jà rà ni yóò rà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ó yé wa lónìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ara aṣọ ni omi ń gbà wọlé, ojú ibi tí a ti rán an ni. Ẹni tí ó bá ń ra aṣọ tuntun lọ́dọọdún láìdí ojú rírán ń fi owó ṣòfò.

1. Ọgbọ́n àwọn baba wa

Àwọn baba wa kò ní ọ̀rá, síbẹ̀ òrùlé wọn ń dá òjò dúró. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé. Orúkọ rẹ̀ náà ni ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ ń jẹ́, nígbà tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin máa ń kó koríko yìí wá sí ààfin láyé àtijọ́. Nínú igbó, ewé gbòdògì ni wọ́n ń lò.

Kò sí èyí tí kò ní àlàfo nínú méjèèjì. Ọ̀nà tí a gbà tò ó ni ọgbọ́n wà. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpele òkè a sì gun ti ìsàlẹ̀ lórí, tí omi yóò fi máa ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì títí yóò fi dé ilẹ̀. Omi kì í gun òkè. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A óò padà sí i.

2. Láti orí igi ìrẹ́ dé orí náílọ́ọ̀nù

Ní 1823, Charles Macintosh, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí aṣọ tí ó fi rọ́bà yíyọ́ sí àárín ìpele méjì. Rọ́bà kì í ṣe àjèjì sí wa. Oje igi ìrẹ́ inú igbó wa ni ọ̀kan lára rẹ̀. Ní 1895, èyí tí a kó láti Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n àwọn agberọ́bà dá igi náà lọ́gbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi kú, òwò náà sì rẹ̀yìn láàrin ọdún díẹ̀.

Omi kì í gba ara aṣọ Macintosh kọjá. Ìgbà tí àwọn télọ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ láti fi ṣe ẹ̀wù ni òjò rí ọ̀nà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

3. Ihò abẹ́rẹ́

Nígbà tí ó jẹ́ pé kánfáàsì olówùú ni a fi ń ṣe àgọ́, òwú ni a fi ń rán an. Bí òjò bá kàn án, òwú a mu omi, a wú, a sì dí ihò tí abẹ́rẹ́ dá. Náílọ́ọ̀nù òde òní fúyẹ́, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n okùn tí a fi ń rán an kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Ihò náà yóò wà ní ṣíṣí.

Àwọn tí ń ṣe àgọ́ máa ń kọ nọ́ńbà sára rẹ̀, bí àpẹẹrẹ mìlímítà 1,500. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá gbé omi tí ó ga ní mítà kan ààbọ̀ lé aṣọ náà, yóò tó bẹ́ẹ̀ kí omi tó yọ ní ìhà kejì. Ara aṣọ ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ojú rírán.

4. Oje tí ó bá aṣọ kọ̀ọ̀kan mu

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Aṣọ tí a fi sílíkóònù pa lára, sílíkóònù nìkan ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Irú èyí tí àwọn tí ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ń lò dára, bí ó bá jẹ́ ògidì. A lè fi díẹ̀ nínú òróró fífúyẹ́ tí a fi ń po ọ̀dà là á, kí ó lè wọnú ihò. Ṣùgbọ́n kí iná má ṣe sún mọ́ ọn. Aṣọ tí a fi polyurethane pa lára, gọ́ọ̀mù polyurethane ni kí a wá fún un. Kánfáàsì ní tirẹ̀ gba àbẹ́là: a ó fi ra ojú rírán, a ó sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù yọ́ ọ wọlé.

Tapólì aláwọ̀ búlúù yàtọ̀. Irú ọ̀rá tí a fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ni. Gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe gún un ní abẹ́rẹ́. Bí ẹyọ kan kò bá tó, ẹ jẹ́ kí ti òkè gun ti ìsàlẹ̀ lórí dáadáa, gẹ́gẹ́ bí bẹẹrẹ, kí ẹ sì ta á ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi má baà gúnwà lórí rẹ̀.

5. Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ fọ ojú rírán, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ na aṣọ náà dáadáa kí ihò lè là. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ má gbàgbé ibi tí okùn ti so mọ́ aṣọ, nítorí ibẹ̀ ni ó ń fà jù. Ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan kí ó gbẹ. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan da omi sí i lórí, kí ẹlòmíràn máa wò ó lábẹ́.

Ẹ má ṣe ká aṣọ tútù sínú àpò. Nínú ooru ilẹ̀ wa, polyurethane tí ó wà nínú ọ̀rinrin a máa jẹrà. A bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, a sì máa bó. Oòrùn náà a máa jẹ náílọ́ọ̀nù. Bí òjò bá dá tí kò sí ohun tí ẹ ń fi aṣọ náà bò, ẹ ká a kúrò nígbà tí ó bá ti gbẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn baba wa fi ìtò borí àlàfo. Àwa ní láti fi ìtò àti oje borí ihò abẹ́rẹ́. Owó oje kékeré kò tó owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò bàjẹ́ ní òru kan. Oṣù kejì, kí òjò tó dé, ni ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ yìí.