Lẹ́yìn Tí Ọmọ Bá Bọ́ Aṣọ Ayẹyẹ
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ sọ ní Ọ̀fàdà, ní ìparí sáà kẹta ọdún ẹ̀kọ́)

 

Àwọn tí wọ́n pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ayẹyẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́, àti lórí ohun tí ìdílé lè fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣe. Mo bi wọ́n pé èwo ni kí n kọ́kọ́ mú nínú méjèèjì. Wọ́n ní kí n mú ayẹyẹ, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ ń dé. Òótọ́ ni. Bí oṣù keje bá ti wọlé, láti Mowé dé Ọ̀fàdà, títí dé Òwódé, agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi máa ń kọjá tí a kò ní gbọ́ ìlù nínú ọgbà ilé-ìwé kan.

N kò wá bá ayẹyẹ jà. Ọmọ tí ó jókòó ti ẹ̀kọ́ láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù keje yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ti ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin mi parí ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n béèrè owó aṣọ, owó fìlà, owó àwòrán, owó oúnjẹ. Owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún ìwé ọdún tí ó ń bọ̀ ni mo kó sílẹ̀. A pe ẹbí, a pe ará. Wọ́n dárúkọ ọmọ, ó ń wọ́ aṣọ dúdú gbọọrọ nílẹ̀ lọ gba ìwé-ẹ̀rí, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a délé, ìyá mi, tí kò mọ̀ ọ́n kọ tí kò mọ̀ ọ́n kà, mú ìwé-ẹ̀rí náà lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá mi, kà á sí mi létí kí n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ." Ọmọ náà wo ìwé títí, ó sì yíjú wò mí. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni ó lè kà níbẹ̀. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó rọra ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ọmọ ọdún márùn-ún kò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni n kò wá síbí láti bá olùkọ́ rẹ̀ wíjọ́. Èmi ni mo sanwó aṣọ kí n tó béèrè ohun tí ọmọ mọ̀.

Ẹ wo bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe wòlímà Àlùkùránì. Ọmọ a ti fi ọdún bíi mélòó kan kọ wàláà ní ilé-kéwú, a ti kọ, a ti fọ̀, a ti tún un kọ. Bí ọjọ́ bá pé, a ó wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, a ó gbé e jókòó níwájú àwọn ààfáà àti gbogbo ará àdúgbò, yóò sì ké kéwú rẹ̀ sókè kí etí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ẹ̀yìn èyí ni àdúrà, ẹ̀yìn àdúrà ni oúnjẹ. Bí kò bá tíì lè kà á, ààfáà á ní kí wọ́n mú sùúrù di ọdún mìíràn. Mo mọ̀ pé wòlímà ti òde òní náà ti ń gba aṣọ ẹbí àti àgọ́ ńláńlá, àti pé àwọn ọmọ kan ń há orí kéwú mélòó kan sórí bí ayékòótọ́ nítorí ọjọ́ náà. A kò ní fi ìyẹn pamọ́. Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ dára: ohun tí ọmọ mọ̀ ni a kó ènìyàn jọ láti wá gbọ́.

Kí ni ó dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé? Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ojú ìwé kan níwájú ìyá rẹ̀. Kí ọmọ kíláàsì kẹfà ṣe ìṣirò kan lójú pátákó. Kò gba owó aṣọ. Ní ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó àti ti ìpínlẹ̀ Ímò fòfin de ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, nítorí ìnira tí ó ń mú bá àwọn òbí. Òfin lè gba aṣọ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà nílé.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí jù, nítorí ayẹyẹ kò ju ọjọ́ kan lọ, ìsinmi sì ju oṣù kan lọ dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, Harris Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 1996, wọ́n sì rí i pé ohun tí ọmọ ń gbàgbé nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó ẹ̀kọ́ oṣù kan, pàápàá nínú ìṣirò. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn lẹ́yìn náà lórí bí ó ti pọ̀ tó. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níhìn-ín, tí ẹ máa ń tún ẹ̀kọ́ àtijọ́ kọ́ ní oṣù kẹsàn-án, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín. Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, ilé-ìkàwé a máa pe ọmọdé wá kàwé nínú ìsinmi, àwọn ibòmíràn sì ń fún ọmọ ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ń kọ́? Ọ̀pọ̀ wa, lẹ́sìnnì nìkan ni a mọ̀. Lẹ́sìnnì dára fún ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé. Fún àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀ kúrò lórí àga.

Ọ̀fàdà yìí ni ìrẹsì tí gbogbo Nàìjíríà ń wá kiri ti gba orúkọ. Nígbà tí ìrẹsì bá ń yọrí lóko, tí ẹyẹ ẹ̀gà bá ń dà wọ́ bò ó, àwọn ọmọ wa ni a máa ń rán lọ lé wọn. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹyẹ máa ń yọ wá lẹ́nu jù. Ọ̀sán ńkọ́? Kí ìwé wà nínú ahéré. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìrẹsì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Kóńgò mélòó ni a kó wálé pẹ̀lú èèpo rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni a rẹ ẹ́ sínú omi, kí ni ó sì dé tí ó fi ń rùn? Lẹ́yìn tí a bọ̀ ọ́, tí a sá a, tí a bó o, tí a sì ṣa òkúta rẹ̀ tán, kóńgò mélòó ni ó kù? Ẹ fún ọmọ ní ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá lè sọ fún yín pé ìdá mélòó ni ó lọ, ìdá mélòó ni ó kù, ó ti mọ ohun tí àwọn kan kò mọ̀ ní kíláàsì kẹfà.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe, òun ni kí ẹ gbé atẹ lé ọmọ lórí kí ó máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní Mowé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 kọ̀ ọ́. Bí òfin kò bá tilẹ̀ sí, ẹ̀yin náà mọ bí ọkọ̀ ti ń sáré níbẹ̀.

Àwọn ìyá kan yóò sọ pé, "A kò gbọ́ òyìnbó, kí ni a fẹ́ kọ́ ọmọ?" Ẹ fi Yorùbá kọ́ ọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi òyìnbó kọ́, àní nínú òyìnbó pàápàá. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa yìí sì ni a ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859. Ẹni tí ó bá rí owó ọkọ̀ kó ọmọ lọ wo Òkè Olúmọ, kí ó sọ ìyẹn fún un lọ́nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Lateef Adégbìtẹ́, ẹni tí ó kú ní ọdún 2012. Ó ṣì wà ní ilé-ìwé girama King's College ní Èkó nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ MSSN sílẹ̀ ní ọdún 1954, òun ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Wọn kò dúró de àgbà. Ẹgbẹ́ yẹn náà ni ó ń kó àwọn ọmọ jọ sí ibi ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi títí di òní. Àwọn onítàn sì sọ fún wa pé lẹ́yìn ogun Bádírì, ìràpadà àwọn ẹrú ogun tí wọ́n mọ̀wé ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní ìwé. N kò bèèrè mẹ́wàá. Ọmọ méjì ni mo bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ti parí girama.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó ń bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, a ó tẹ́ ẹní sí iwájú mọ́sálásí. Wákàtí méjì ni, láti Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, títí ilé-ìwé yóò fi wọlé. A kò gba owó. Kí ọmọ mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì wá. Ẹni tí kò bá ní, kí ó máa bọ̀. Ẹ̀yin ìyá náà lè jókòó tì wá. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta jókòó kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé wọ́n ti dàgbà jù. Ìyá mi ti ní kí n ra ìwé A-B-D kan fún òun. Ó ní ìwé-ẹ̀rí ọmọ náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí, àwọn méjèèjì ni wọn yóò jọ kà á.