Gbà-máà-bínú Odò: Bí Ìjọba Amẹ́ríkà Ṣe Ń San Gbèsè Ẹja àti Ẹranko Odò Columbia

    

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí omi àti ẹ̀mí inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ti máa retí pé orí Ọ̀ṣun ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ mú odò òkèèrè kan ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ní etí odò náà, wọ́n ti kọ gbèsè tí ènìyàn jẹ ẹja àti ẹranko sínú òfin, wọ́n sì ti ń san án fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún. A lè wo ibi tí owó náà dé àti ibi tí kò dé. Ìbéèrè tí a gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá ṣẹ odò, ta ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí a ó fi tù ú?

Columbia ni orúkọ odò náà. Láti orí òkè ní Kánádà ni ó ti ń ṣàn wá, ó gba ìpínlẹ̀ Washington kọjá, ó di ààlà láàárín Washington àti Oregon, kí ó tó wọ òkun Pàsífíìkì. Gígùn rẹ̀ tó 2,000 kìlómítà. Snake ni orúkọ odò ńlá tí ó wá pàdé rẹ̀ láti ìhà Idaho. Ẹja tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni salmon. Orí òkúta wẹ́wẹ́ nínú àwọn odò kékeré òkè ni ìyá rẹ̀ ń yé sí. Bí ọmọ bá pa tán, tí ó dàgbà díẹ̀, yóò bá omi lọ sí òkun. Yóò lo ọdún mélòó kan níbẹ̀, yóò sanra, lẹ́yìn náà ni yóò yí padà, yóò sì gun odò wá sí ibi gan-an tí wọ́n bí i sí. Kì í jẹun lọ́nà. Bí ó bá ti yé ẹyin tán, ó kú nìyẹn. Òkú rẹ̀ ni béárì ń jẹ, òun ni ẹyẹ idì ń jẹ, àjẹkù rẹ̀ sì ń di ajílẹ̀ fún igi etí odò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sé ọ̀nà mọ́ salmon, kì í ṣe ẹja nìkan ni ó sé ọ̀nà mọ́. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé kí àwọn òyìnbó tó dé, salmon tí ń padà wọ odò náà lọ́dọọdún wà láàárín mílíọ̀nù 10 sí mílíọ̀nù 16.

Láti àwọn ọdún 1930 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi dáàmù sé odò náà. Dáàmù Bonneville parí ní 1938, Grand Coulee ní 1942. A kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ńlá náà láìsọ ire rẹ̀. Àìríṣẹ́ṣe gba gbogbo ilẹ̀ náà nígbà yẹn, dáàmù sì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́. Iná rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n fi ṣe alumíníọ̀mù ọkọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, omi rẹ̀ sì sọ ilẹ̀ gbígbẹ di oko. Ẹni tí ó jókòó sínú òkùnkùn ní Ìbàdàn kò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó fẹ́ iná.

Bonneville ní àkàsọ̀ ẹja, ìyẹn ìpele ìpele omi tí ẹja lè máa fò láti ọ̀kan sí èkejì títí yóò fi kọjá sókè. Grand Coulee, tí ó ga tó mítà 168, kò ní in. Ọ̀nà omi tí ó lé ní 1,600 kìlómítà ni ó dí mọ́ salmon pátápátá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, kí omi tó bo àpáta Kettle Falls níbi tí wọ́n ti ń pẹja láti ayébáyé, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn péjọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n pe ìpàdé náà ní Ayẹyẹ Omijé. Kò sí òkú ènìyàn níbẹ̀. Odò ni wọ́n ń sunkún rẹ̀. A kò rò pé ó yẹ kí a ṣàlàyé èyí fún àwùjọ tí ó mọ̀ pé odò ní orúkọ, ó sì ní oríkì.

Ìjọba kò ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Ní 1938 kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin Mitchell, tí ó pèsè owó fún ibùdó ọ̀sìn ẹja. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹyin salmon, tí wọ́n ń bọ́ ọmọ rẹ̀ nínú omi àfọwọ́ṣe, tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ kí ó lọ sí òkun. Ète náà dára létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí wọ́n kọ́ wọn sí. Òkè odò ni àdánù náà ti pọ̀ jù, òkè odò náà sì ni àwọn onílẹ̀ ti ń pẹja. Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ibùdó wọ̀nyí sí. Ẹja tí a tọ́ ní ìsàlẹ̀ kì í gun òkè, nítorí ibi tí ó ti jáde ni ó ń padà sí. Báyìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ìpẹja ìsàlẹ̀ odò àti ti òkun ṣe rí ẹja mú, tí ọwọ́ àwọn tí wọ́n pàdánù sì ṣófo.

Ẹ̀yin awo, ẹ mọ ohun tí irú èyí ń jẹ́. Onígbèsè kì í yan ẹbọ fún ara rẹ̀. A ń dá Ifá, a ń dìbò, a ń béèrè ohun tí a ó fi rú u, a sì ń béèrè ibi tí a ó gbé e sí: ìdí Èṣù ni, tàbí oríta, tàbí ẹ̀bá odò. Ẹni tí Ifá ní kí ó gbé ẹbọ lọ sí ẹ̀bá odò, tí ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó náwó lóòótọ́.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 1957, wọ́n ti ilẹ̀kùn dáàmù The Dalles. Láàárín wákàtí mélòó kan, omi bo Celilo Falls, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pẹja láti nǹkan bí 10,000 ọdún. Ní 1855 ni àwọn ẹ̀yà Yakama, Umatilla, Warm Springs àti Nez Perce ti bá ìjọba tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Wọ́n fi ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹ̀tọ́ ìpẹja mú ní gbogbo ibi tí wọ́n ti máa ń pẹja. Owó gbà-máà-bínú tí ìjọba san fún Celilo lé ní mílíọ̀nù 26 dọ́là. Owó a máa tán. Ẹ̀tọ́ inú ìwé kò tán: ní 1969, adájọ́ Robert Belloni dájọ́ pé àwọn ẹ̀yà náà ni ìpín tí ó tọ́ nínú ẹja odò Columbia.

Òfin tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni ti ọdún 1980. Àjọ kan wà tí ń jẹ́ Bonneville Power Administration, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1937 láti máa ta iná dáàmù. Iná dáàmù 31 ni ó ń tà lónìí. Òfin yìí pàṣẹ fún un pé kí ó dáàbò bo ẹja àti ẹranko tí dáàmù ṣe lọ́ṣẹ́, kí ó dín ìpalára náà kù, kí ó sì mú wọn gbilẹ̀ sí i. Ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, ènìyàn méjì méjì láti Washington, Oregon, Idaho àti Montana, pé kí wọ́n ṣètò iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gba àbá lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àti àwọn àjọ tí ń tọ́jú ẹja àti ẹranko. Inú owó iná ni owó iṣẹ́ náà ti ń wá. Ẹni tí ó tan iná sílé ni ó ń san díẹ̀ nínú gbèsè salmon. Nínú gbogbo ètò wọn, apá yìí ni ó wù wá jù.

Ti ẹranko orí ilẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀. Adágún ẹ̀yìn dáàmù ti bo àbàtà àti igbó etí odò. Báwo ni a ṣe ń ka irú gbèsè yìí? Wọ́n yan ẹranko àti ẹyẹ díẹ̀ ṣe aṣojú, bíi pẹ́pẹ́yẹ igbó àti ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan tí ń gbé inú igbó etí odò. Wọ́n fi máàkì láti 0 dé 1 wọn bí ilẹ̀ kan ti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lára mu tó, wọ́n sì fi ìwọ̀n ilẹ̀ náà sọ ọ́ di púpọ̀. Ilẹ̀ éékà 100 tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 0.5 di ẹyọ 50. Iye ẹyọ tí omi bò ni gbèsè. Iye ẹyọ tí àjọ náà dá padà, nípa ríra ilẹ̀ tàbí títún ilẹ̀ ṣe, ni ìsanpadà. Ní 2010, àjọ náà àti ìpínlẹ̀ Oregon fẹnu kò lórí àfonífojì Willamette, pé ilẹ̀ tí ó lé ní 16,000 éékà ni wọn yóò dáàbò bò láti fi pa gbèsè àwọn dáàmù ibẹ̀ rẹ́.

Ẹlòmíràn lè fi ìṣirò yìí rẹ́rìn-ín. Àwa kò ní bá a rẹ́rìn-ín, nítorí gbèsè tí a kò kà, a kì í san án. Ohun tí ń kọ wá lóminú ni pé ẹyọ kan dọ́gba pẹ̀lú ẹyọ kan nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ odò kan kò dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Pẹ́pẹ́yẹ lè fò lọ sí ilẹ̀ tuntun. Salmon kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ni ó mọ̀.

Ẹ gbọ́ ti ẹja kan. Láàárín òkun àti adágún Redfish ní Idaho, ìrìn tí ó lé ní 1,400 kìlómítà, dáàmù mẹ́jọ ni ó wà lójú ọ̀nà. Irú salmon kan tí wọ́n ń pè ní sockeye, tí ara rẹ̀ máa ń pọ́n bí ó bá ń délé, ni adágún náà ti gba orúkọ. Ní 1991, ìjọba kọ ọ́ mọ́ àwọn tí ó fẹ́ run. Ní 1992, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó padà dé, akọ sì ni. Lonesome Larry ni wọ́n sọ ọ́, Larry Anìkànwà. Láti 1991 dé 1998, ẹja 16 péré ni ó dé. Àwọn onímọ̀ kó wọn, wọ́n sì fi owó àjọ iná náà tọ́ ìran wọn nínú omi àfọwọ́ṣe. Ní 2014, èyí tí ó padà lé ní 1,500. Ayọ̀ pọ̀. Ní 2015, ooru mú, omi odò gbóná, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì kú kí wọ́n tó délé. Láti àwọn ọdún 1970 sì ni wọ́n ti ń kó ọmọ salmon sínú ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n lè gbé e kọjá dáàmù. Ẹ fojú inú wò ó: ẹja tí ó wọkọ̀ gba orí odò kọjá!

Níbo wá ni ó ti dára? Ní odò Umatilla, tí ó ṣàn wọ Columbia ní Oregon. Níbẹ̀, omi tí àwọn àgbẹ̀ ń fà sóko nípa ètò ìjọba ni ó sọ odò di gbígbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Salmon parẹ́ níbẹ̀ fún nǹkan bí 70 ọdún. Àwọn ẹ̀yà Umatilla ní àdéhùn 1855 lọ́wọ́. Wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ, kí oko àwọn àgbẹ̀ sì gbẹ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ jókòó. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí di òfin ní 1988: ìjọba yóò máa fa omi Columbia, tí ó tóbi, fún àwọn àgbẹ̀, omi tí wọn ì bá fà nínú Umatilla yóò sì dúró sínú odò fún ẹja. Àjọ iná náà ń gbé owó iná ẹ̀rọ tí ń fa omi. Wọ́n tọ́ ọmọ ẹja, wọ́n tún àkàsọ̀ ṣe, salmon sì padà. Kì í ṣe pé owó pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Àwọn tí wọ́n pàdánù ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, àwọn náà ni wọ́n sì tọ́ka sí ibi tí kí a gbé e sí. Bákan náà ni àwọn Nez Perce ṣe dá salmon coho padà sí odò Clearwater ní àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ní 1986 pé ó ti tán nínú odò Snake.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè nípa tiwa. Ní 1968 ni dáàmù Káínjì sé Odò Ọya. Bùsà àtijọ́ wà lábẹ́ omi, àwọn tí wọ́n kó kúrò nílé wọn sì lé ní 40,000. Àwọn apẹja ìsàlẹ̀ dáàmù rí i pé ẹja dín. Òfin 2010 tí ó dá àjọ HYPPADEC sílẹ̀ ti ya ìpín nínú owó iná sọ́tọ̀ fún àwọn agbègbè tí dáàmù iná wà. Ènìyàn ni ó kọ́kọ́ wò, a kò sì bá a jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹja Odò Ọya náà jẹ nínú rẹ̀, òfin yẹn ni kí ó lọ kà, kí ó sì mú àwọn apẹja dání bí ó bá ń lọ sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kejìlá 2023, ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn ẹ̀yà mẹ́rin tí a dárúkọ àti ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon ṣe àdéhùn ńlá lórí salmon odò Snake àti Columbia. Ní oṣù kẹfà 2025, ìjọba tí ó gorí àga lẹ́yìn rẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò. Àwọn tí wọ́n bá a ṣe é kò tíì jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Grand Coulee kí a tó jókòó. Ní oṣù kẹjọ 2019, àwọn ẹ̀yà Colville fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé salmon kọjá dáàmù náà, wọ́n sì tú wọn sínú adágún ẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, àjọ iná fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò fi mílíọ̀nù 200 dọ́là, láàárín 20 ọdún, ran àwọn ẹ̀yà Colville, Spokane àti Coeur d'Alene lọ́wọ́ láti dá salmon padà sókè odò. Àwọn ẹ̀yà náà ni wọ́n gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Dáàmù ṣì dúró níbẹ̀, mítà 168, kò sì tíì ní àkàsọ̀.