Ayùn Ọwọ́: Bí Ó Ti Ń Rẹ́ Igi àti Bí A Ṣe Lè Lò Ó

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde)

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí irinṣẹ́ kan tí púpọ̀ nínú wa fi owó ẹgbẹ́ rà: ayùn ọwọ́.

Ní ọdún tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo yá owó ra pákó ìrókò láti fi kan ilẹ̀kùn. Ayùn mi ti kújú, mo sì ń fi agbára tì í. Ó yà kúrò lójú ìlà, pákó bàjẹ́. Mo san gbèsè náà tán láìrí ilẹ̀kùn tà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé eyín ayùn ni í rẹ́ igi, kì í ṣe apá gbẹ́nàgbẹ́nà.

Igi dà bí ọwọ̀ tí a dì: iṣan rẹ̀ nà láti ìdí dé orí. Bí a bá ń la pákó, à ń tẹ̀lé iṣan náà. Bí a bá ń gé e ní ìbú, à ń já wọn. Nítorí náà, eyín ayùn tí a fi ń la pákó tóbi, bíi 5 tàbí 6 nínú íǹṣì kan, ẹnu rẹ̀ sì tẹ́ bí ti àáké kékeré. Ti èyí tí a fi ń gé ìbú jẹ́ 8 tàbí 10, ó sì mú ṣóńṣó bí orí ọ̀bẹ.

Ẹ wò ó dáadáa: eyín kan tẹ̀ sí ọ̀tún, èkejì sí òsì. Èyí ni kì í jẹ́ kí igi há irin ayùn mọ́ra, pàápàá pákó tútù.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi oríkèé àtàǹpàkò gbe irin ayùn, kí ẹ fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè lapa. Ẹ̀gbẹ́ ìlà tí ẹ ó gé sọ nù ni kí ó máa tọ̀. Ẹ jẹ́ kí èjìká, ìgúnpá àti ayùn wà lójú kan. Ayùn tiwa ń gé nígbà tí a bá tì í. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fà á bọ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó já, ẹ di apá tí yóò já mú, kí pákó má baà fàya.

Arère rọ̀, ṣùgbọ́n ìrókò a máa ní òkúta nínú, tí í ba eyín ayùn jẹ́. Bí ayùn bá ti kújú, ẹ fi fáìlì onígun mẹ́ta pọ́n ọn. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ bi ontà léèrè: àwọn kan wà tí a ti fi iná sọ eyín wọn di líle, fáìlì kì í jẹ wọ́n. Bí irú wọn bá kú, ó tán nìyẹn.

Igi ńlá inú igbó Ọmọ kò pọ̀ bí ti àtijọ́ mọ́. Pákó tí a bá bàjẹ́, owó ẹgbẹ́ ni a bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a dá owó ra fáìlì tí gbogbo wa yóò máa lò.