Ṣé Ó Pọ́n, àbí Ó Gbó?

 

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí èdè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo mú wá: maduro. Àwọn ará Sípéènì àti Potogí ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Faransé ń pè é ní mûr. Inú maturus èdè Látìn ni gbogbo wọn ti wá: ohun tó pọ́n, tó bọ́ sásìkò. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, tí wọ́n sọ wọ́n ní Lukumí, plátanos maduros ni dòdò ń jẹ́. Àgbàlagbà tó gbọ́n náà, maduro ni.

Àwa pín in sí méjì ní tiwa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á kọ́kọ́ gbó kó tó pọ́n. Iṣu a máa gbó, kì í pọ́n. Aṣọ náà ń gbó, àmọ́ ìyẹn ti di àkísà (ẹ má wo agbádá mi o!).

Láìpẹ́ yìí, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì márosẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Èèpo rẹ̀ pọ́n dáadáa. Mo bó o, inú rẹ̀ le bí igi. Kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń lò ni wọ́n fi mú un pọ́n tipátipá, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ti kìlọ̀ pé májèlé ni. Mo dà á nù, àwọn ọmọ bú sẹ́kún. Tó bá jẹ́ èdè Sípéènì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé fún wọn pé ó pọ́n ṣùgbọ́n kò gbó, maduro náà ni mi ò bá pè lẹ́ẹ̀mejì.

Ní báyìí, mi ò tíì ní dá iye tí mo kọ́kọ́ ń bi ọlọ́gẹ̀dẹ̀ pé, "Ìyá, ṣé ó gbó?"